Ọ̀ràn Ọmọ Tí Apá Òbí Kò Ká: Ó Ha Yẹ Kí A Gbé E Síwájú Ìdílé Mìíràn Bí?

Ní ọjọ́ kan ní àkókò òjò tí ó kọjá, a wà ní Ọjà Ọba ní Adó-Èkìtì, a ń ra ata, nígbà tí ariwo ńlá sọ lẹ́yìn wa. Ọmọdékùnrin kan, tí a rò pé kò ju ọmọ ọdún mẹ́wàá lọ, ti fi ẹsẹ̀ ta atẹ obìnrin kan dànù, tàtàṣé àti ata rodo sì ti fọ́n ká sínú ẹrẹ̀. Ìyá rẹ̀, ẹni tí ń ta ẹ̀fọ́ ní ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀, dìde, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí lù ú. Bí ó ti ń lù ú ni ọmọ náà ń bú u. Kò pẹ́ tí àwọn ènìyàn fi pé jọ. Ẹnì kan ní kí a fi ata kun ojú rẹ̀. Ẹlòmíràn wí pé ọ̀ràn ọmọ náà kì í ṣe ojú lásán, kí a gbé e lọ sí orí òkè àdúrà. Àgbà ọkùnrin kan, tí ó jọ pé ó mọ ìdílé náà, sọ ọ́ ní gbangba pé ilé-ẹ̀kọ́ méjì ni wọ́n ti lé e jáde, àti pé bí ó bá jẹ́ ọmọ tòun ni, òun ì bá ti fà á lé àwọn ọlọ́pàá lọ́wọ́. Ìyá náà kò dá ẹnikẹ́ni lóhùn. Nígbà tí ó rẹ̀ ẹ́, ó jókòó sórí àpótí rẹ̀, ó sì fi ìborùn bojú. Ọmọ náà kò sá lọ. Ó dúró sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ó sì di etí aṣọ ìyá rẹ̀ mú.

Àwa pẹ̀lú kò ṣe ju àwọn ẹlòmíràn lọ. A san owó ata wa, a sì bá ọ̀nà wa lọ sí ìhà Òkèṣà. Ṣùgbọ́n nígbà tí a délé, ọkàn wa kò fún wa ní ìsinmi. Àwọn tí ó dúró yí ìyá àti ọmọ náà ká tó ogójì ènìyàn, olúkúlùkù wọn ni ó sì ní ìdájọ́ tirẹ̀. Kò sí ẹnì kan ṣoṣo, àwa pàápàá kò sì yọ ara wa sílẹ̀, tí ó bèèrè ọ̀rọ̀ kan lọ́wọ́ ìyá tàbí lọ́wọ́ ọmọ. Nítorí náà ni a ṣe fẹ́ ro ọ̀ràn yìí pẹ̀lú yín, nítorí a kò mọ ilé kan ní Èkìtì tí ó lè búra pé irú rẹ̀ kò lè bá òun.

Ìdájọ́ tí ó máa ń kọ́kọ́ yá wa lẹ́nu ni pé ìyá ni ó jẹ̀bi. Gbogbo wa ni a mọ ọ̀rọ̀ tí àwọn ọkùnrin máa ń sọ, pé ọmọ tí ó dára ni ti bàbá, èyí tí kò dára ni ti ìyá. Ọ̀rọ̀ yìí rọrùn fún ẹni tí ń sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo obìnrin tí ó ti jí ní agogo márùn-ún òwúrọ̀, tí ó ti ra ẹ̀fọ́ lọ́wọ́ àwọn ará oko kí oòrùn tó yọ, tí ó sì jókòó sójú kan títí ilẹ̀ fi ṣú, tí ó ń fi ojú kan wo oníbàárà, tí ó ń fi ojú kejì ṣọ́ ọmọ mẹ́ta. Ìgbà wo ni ó rí àyè bá ọ̀kan nínú wọn sọ ọ̀rọ̀ tí kì í ṣe àṣẹ tàbí èébú? Bàbá tí ó sì ń pín ẹ̀bi náà, níbo ni òun wà láti òwúrọ̀?

Ìdájọ́ kejì ni pé ọmọ náà ni ó burú láti inú wá, pé bí orí rẹ̀ ti rí nìyẹn. Àwa kò rò pé bẹ́ẹ̀ ni àwọn baba wa gbà á. Bí wọ́n bá ka ìwà sí ohun tí a bí mọ́ ènìyàn bí àwọ̀ ara, wọn kì bá tí máa sọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ ilé, nítorí kò sí ẹni tí ń kọ́ ènìyàn ní àwọ̀ ara rẹ̀. A kò sẹ́ pé ọmọ ọdún mẹ́wàá mọ ohun tí ó ń ṣe. Ọmọ tí ó ta atẹ nù ní Ọjà Ọba mọ̀ pé atẹ ni, ó sì mọ̀ pé ti onítọ̀hún ni. Ṣùgbọ́n ó yàtọ̀ kí ènìyàn mọ̀ pé ohun kan kò dára, ó sì yàtọ̀ kí ó ní ohun mìíràn lọ́wọ́ tí ó lè ṣe ní wákàtí tí inú rẹ̀ ń ru. Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ni ó mọ ti àkọ́kọ́ tí kò ní ti ìkejì. Ẹ bi àwọn awakọ̀ wa.

Ìdájọ́ kẹta, pé àjẹ́ tàbí emèrè ni ọmọ náà, ni ó léwu jù lọ, nítorí pé kì í parí sí ẹnu. Ní ọdún 2019, ní oṣù kẹsàn-án, àwọn ọlọ́pàá tú àwọn ọkùnrin àti ọmọdékùnrin tí ó ju 300 lọ sílẹ̀ nínú ilé kan ní Rìgásà ní Kàdúná, níbi tí a ti fi ẹ̀wọ̀n dè wọ́n ní orúkọ àtúnṣe ìwà. Ní oṣù kọkànlá ọdún kan náà, wọ́n tún tú ènìyàn 259 sílẹ̀ ní Òjóò ní ìlú Ìbàdàn, nítòsí wa níhìn-ín. Kì í ṣe gbọ́mọgbọ́mọ ni ó kó ọ̀pọ̀ nínú wọn lọ. Àwọn òbí àti ẹbí wọn ni ó fi ọwọ́ ara wọn mú wọn dé ẹnu ọ̀nà, nítorí ọ̀rọ̀ ti sú wọn. Kí ẹnikẹ́ni nínú ìjọ wa má sì ṣe sọ pé ti ẹlẹ́sìn mìíràn ni èyí. Ní ọdún náà gan-an, ẹgbẹ́ Human Rights Watch tẹ ìròyìn jáde lórí àwọn tí a ń fi ẹ̀wọ̀n dè nítorí àìsàn ọpọlọ ní Nàìjíríà, ilé àdúrà àwọn Kristẹni sì wà nínú àwọn ibi tí wọ́n ti rí i.

Ìjọba pẹ̀lú ti gbìyànjú ọ̀nà tirẹ̀. Ní ọdún 1941, a fi òyìnbó kan, Donald Faulkner, ṣe olùtọ́jú àwọn ọmọdé ní Èkó, nítorí àwọn ọmọkùnrin tí ń sùn ní ọjà àti ní etí òkun ti pọ̀ jù. Òfin àwọn ọmọdé àti ọ̀dọ́ sì jáde ní ọdún 1943, tí ó dá ilé-ẹjọ́ tiwọn sílẹ̀ fún wọn, kí a má baà máa dá wọn lẹ́jọ́ bí àgbà ọ̀daràn. Èyí dára ju ohun tí ó wà tẹ́lẹ̀ lọ, a kò sì gbọdọ̀ kẹ́gàn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ nìkan ni irú ètò bẹ́ẹ̀ ń dì mú. A mú un kúrò nílé, a gbé e sí ibòmíràn, a kọ́ ọ ní iṣẹ́ ọwọ́, a sì dá a padà. Ilé tí ó padà sí ń dúró dè é bí ó ti wà.

Níhìn-ín ni a fẹ́ kí ẹ fi sùúrù bá wa lọ, nítorí ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀ràn náà wà. Àwọn oníṣègùn ọpọlọ kì í pe gbogbo ọmọ alágídí ní aláìsàn. Wọn a máa wò bóyá ìbínú, iyàn jíjà àti àtakò náà ti pé oṣù mẹ́fà ó kéré tán, bóyá ó ju ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, àti bóyá ó ti ń ba ẹ̀kọ́ rẹ̀ àti ìgbé-ayé ilé jẹ́. Wọn a máa wò pẹ̀lú bóyá etí rẹ̀ dára, bóyá wárápá ń ṣe é, bóyá ebi ń pa á, bóyá ẹni tí ó fẹ́ràn ti kú. Èdè wa fi ọ̀rọ̀ kan náà, gbígbọ́ràn, pe ohun tí etí ń ṣe àti ohun tí ọmọ rere ń ṣe. Ó sì ti ṣẹlẹ̀ rí pé a na ọmọ nítorí èyí kejì nígbà tí ó jẹ́ pé èyí kìíní ni kò ní.

Nígbà tí a bá ti yẹ gbogbo èyí wò, ohun kan ṣì kù. Ọ̀mọ̀wé kan ní Amẹ́ríkà, Gerald Patterson, lo ọ̀pọ̀ ọdún láti máa jókòó sínú ilé àwọn ènìyàn ní ìpínlẹ̀ Oregon, ó ń wo bí ìyá àti ọmọ ti ń bá ara wọn lò ní ìṣẹ́jú kan sí èkejì. Ohun tí ó rí, a lè fi ojú ara wa rí i ní Ọjà Ọba ní ọjọ́ èyíkéyìí. Ọmọ bèèrè owó àkàrà. Ìyá ní kò sí. Ọmọ ké. Ìyá jágbe mọ́ ọn. Ọmọ wó lulẹ̀, ó ń yí nínú eruku, gbogbo ọjà sì ń wò wọ́n. Ìyá ju owó sí i, ọmọ sì dákẹ́. Kí ni ọmọ kọ́ lónìí? Ó kọ́ pé ẹkún kékeré kò tó, pé wíwó lulẹ̀ ni ó ń mú owó jáde. Kí ni ìyá kọ́? Ó kọ́ pé bí òun bá ti jọ̀wọ́ ara òun, ìtìjú yóò parí. Ní ọjọ́ kejì ìyá pinnu láti le koko. Ó na ọmọ náà, ọmọ náà sì jókòó jẹ́ẹ́ fún ìwọ̀n ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ìyá tún kọ́ ẹ̀kọ́: pé pàṣán ń ṣiṣẹ́. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ẹyọ kan kò tó mọ́. Ní oṣù kejì, mẹ́wàá kò tó. Ìyá ń kọ́ ọmọ, ọmọ ń kọ́ ìyá, kò sì sí ẹni tí ó mọ̀ nínú àwọn méjèèjì pé òun ń kọ́ ẹnì kejì. Ní gbogbo ìgbà tí ọmọ náà sì jókòó tí ó ń to ẹ̀fọ́ ní wọ́ọ́rọ́wọ́, kò sí ẹni tí ó wò ó, nítorí pé ìgbà náà ni ìyá rí àyè tajà.

Bí èyí bá rí bẹ́ẹ̀, ìbéèrè tí ogójì ènìyàn ń dáhùn ní ọjà lọ́jọ́ náà kì í ṣe ìbéèrè tí ó yẹ. Ẹ̀bi níhìn-ín kì í ṣe obì tí a lè là sí awẹ́, kí a fún ìyá ní méjì, kí a fún ọmọ ní ọ̀kan, kí a sì ju èyí tí ó kù sí àwọn ẹ̀mí àìrí. Ohun tí ó bàjẹ́ wà láàárín wọn, kò sí nínú ẹnì kankan nínú wọn. A kò wí pé kò sí ẹni tí ó ní ojúṣe. Ìyá ni àgbà, àgbà ni ó sì gbọdọ̀ kọ́kọ́ yí padà. Ṣùgbọ́n ojúṣe yàtọ̀ sí ẹ̀bi. Ẹni tí iná ń jó ilé rẹ̀ ní ojúṣe láti pa á, yálà òun ni ó dá a tàbí òun kọ́.

Nínú gbogbo àwọn oníṣègùn ilẹ̀ wa, a kò mọ ẹni tí ó tètè rí èyí ju Dókítà Thomas Adéoyè Lambo lọ, ọmọ Abẹ́òkúta, ẹni tí a bí ní ọdún 1923 tí ó sì kú ní ọdún 2004. Nígbà tí ilé ìwòsàn Àró bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1954, kò fẹ́ kí a kàn ti àwọn aláìsàn mọ́ inú ọgbà. Ó bá àwọn ará abúlé tí ó wà ní àyíká Àró sọ̀rọ̀, wọ́n sì gba àwọn aláìsàn sílé, àwọn aláìsàn ń san owó ilé. Òfin pàtàkì kan ni pé aláìsàn kò gbọdọ̀ wá ní òun nìkan. Ìyá tàbí ẹ̀gbọ́n tàbí ìbátan mìíràn ní láti bá a wá, kí ó máa sè fún un, kí ó máa bá a lọ gba ìtọ́jú, kí ó sì máa gbé pẹ̀lú rẹ̀. Àwọn ènìyàn láti ilẹ̀ òkèèrè wá wo ohun tí a ń ṣe níbẹ̀, Lambo fúnra rẹ̀ sì di igbákejì olórí àjọ ìlera àgbáyé nígbà tí ó yá. Àgbàlagbà ni ó pọ̀ jù nínú àwọn tí a tọ́jú ní Àró, wọn kì í ṣe ọmọdé. Ṣùgbọ́n ìmọ̀ tí ó wà nídìí rẹ̀ bá ọ̀ràn wa mu, pé a kò lè wo ènìyàn sàn kí a sì fi àwọn tí yóò padà bá gbé sẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Láàárín ìgbà kan náà, ní ilé ìwòsàn Creedmoor ní ìlú New York, dókítà kan tí ń jẹ́ Peter Laqueur bẹ̀rẹ̀ sí kó ìdílé mélòó kan jọ sínú yàrá kan ṣoṣo. Ó rí i pé ìdílé kan máa ń gbọ́ láti ẹnu ìdílé mìíràn ohun tí kò lè gbọ́ láti ẹnu dókítà. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, Ọ̀jọ̀gbọ́n Mary McKay àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sọ irú ìpàdé yìí di ti àwọn ọmọ tí ìwà wọn ń da ilé àti ilé-ẹ̀kọ́ láàmú, ní àdúgbò àwọn tálákà ní ìlú ńlá Amẹ́ríkà. Ohun mẹ́fà ni wọ́n ń jíròrò lé lórí: òfin ilé, ojúṣe olúkúlùkù, ìfẹ́ láàárín ará ilé, sísọ̀rọ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ìnira tí ó wà lọ́rùn òbí, àti àwọn tí ó lè ran ilé lọ́wọ́. Ìyá, bàbá, ìyá àgbà, ọmọ tí ọ̀ràn kàn àti àwọn àbúrò rẹ̀ ni ó ń wá. Kò sí ohun ìjìnlẹ̀ nínú àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ìyá àgbà kan ní Ìyìn tàbí ní Ìkẹ́rẹ́ ì bá sọ wọ́n fún wa láìlọ sí ilé-ẹ̀kọ́. Ohun tuntun ni pé a jókòó tì wọ́n, a sì ń padà sídìí wọn ní ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan.

Ó ti dé Áfíríkà pẹ̀lú. Láti ọdún 2016, Ọ̀jọ̀gbọ́n Fred Ssewamala, ọmọ ilẹ̀ Uganda tí ń kọ́ni ní Amẹ́ríkà, àti McKay pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn gbé e lọ sí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní agbègbè Masaka, fún àwọn ọmọ ọdún 8 sí 13. Àwọn ará ibẹ̀ fún un ní orúkọ ní èdè wọn, Amaka Amasanyufu, èyí tí í ṣe Ìdílé Aláyọ̀. Ọ̀sẹ̀ 16 ni ìpàdé náà. Wọn kò ní dókítà ọpọlọ tí yóò tó fún un, gẹ́gẹ́ bí àwa pẹ̀lú kò ti ní. Nítorí náà àwọn òbí ẹlẹgbẹ́ wọn tí a ti kọ́ ni ó ń darí àwọn ìpàdé kan, àwọn òṣìṣẹ́ ìlera abúlé sì ń darí àwọn mìíràn. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ 16 náà pé, ìwà àtakò àwọn ọmọ wọ̀nyí dínkù ju ti àwọn tí kò sí nínú ìpàdé lọ, yálà òbí ni ó darí wọn tàbí òṣìṣẹ́ ìlera. A kò sọ pé wọ́n di áńgẹ́lì. Wọ́n dínkù nínú ohun tí ń lé wọn jáde nílé-ẹ̀kọ́, èyí nìkan sì tó ìdúpẹ́.

Nítòsí wa, Yunifásítì Ìbàdàn dá ibùdó kan sílẹ̀ ní ọdún 2011 fún ìlera ọpọlọ àwọn ọmọdé àti ọ̀dọ́, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olayinka Omigbodun sì wà lára àwọn tí ó dá a sílẹ̀. Ní ọdún 2016, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ iṣẹ́ kan jáde lórí àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn tí wọ́n máa ń jà. Wọ́n kọ́ wọn bí a ti ń dúró díẹ̀, kí a ro ohun tí ó ṣẹlẹ̀, kí a wá ọ̀nà méjì tàbí mẹ́ta, kí a sì yan ọ̀kan. Àwọn olùkọ́ wọn sì jẹ́rìí pé ìjà náà dínkù. Àwọn òbí kò jókòó sí èyí, a sì wí i kí a má baà tan yín jẹ. Ṣùgbọ́n ó fi ohun tí a sọ ní ìṣáájú hàn, pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ wọ̀nyí kò ṣaláìní ìmọ̀ ibi àti rere. Ọ̀nà mìíràn ni wọn kò ní.

Wàyí o, àtakò kan wà tí a kò lè fojú fò. Nígbà tí a sọ ọ̀ràn yìí fún ìyá àgbà kan nínú ìdílé wa, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ, ta ni yóò gbé àṣírí ilé rẹ̀ lọ síwájú ilé mìíràn ní ìlú Adó yìí? Kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ti dé Ìkẹ́rẹ́." Òtítọ́ ni ìyá wí. Ìlú wa kì í ṣe New York, níbi tí ẹni tí ó gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ lónìí lè má tún rí ọ títí láé. Níhìn-ín, ẹni tí ó bá gbọ́ pé ọmọ rẹ jí owó lè jẹ́ ẹni tí àbúrò rẹ̀ fẹ́ fẹ́ ọmọ rẹ obìnrin lọ́la. Ìtìjú kì í ṣe ohun kékeré láàárín wa. Òun pẹ̀lú wà lára ohun tí ń mú wa hùwà bí ènìyàn.

Síbẹ̀, ẹ jẹ́ kí a bi ara wa ní ohun tí a ń fi pamọ́ ní ti gidi. Ìwà ọmọ náà kọ́, nítorí gbogbo Ọjà Ọba ti rí i. Bí ó ti rí tí ìyá rẹ̀ fi ń sunkún ní òru ni a ń fi pamọ́, àti bí ọmọ náà ti ń tọ̀ sórí ẹní, àti pé bàbá kò rán owó wálé láti ìgbà Àjíǹde. Ní kúkúrú, ohun tí ó lè mú kí ènìyàn ṣàánú wọn ni ó wà nínú òkùnkùn; ohun tí ó ń mú kí a dá wọn lẹ́bi ni ó wà ní ìmọ́lẹ̀. Irú àṣírí báyìí kò dáàbò bo ẹnikẹ́ni. Àwọn tí yóò sì jókòó nínú yàrá náà kì í ṣe òǹwòran, nítorí olúkúlùkù wọn ni ó mú ọmọ tirẹ̀ wá. Ẹni tí ó bá tú ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn síta mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tòun pẹ̀lú wà lọ́wọ́ àwọn mìíràn.

A máa ń sọ pé ojú mẹ́rin ní í bí ọmọ, igba ojú ní í tọ́ ọ. A sọ ọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí a kò tún rò ó mọ́. Igba ojú wà ní ọjà lọ́jọ́ náà, tàbí díẹ̀ kéré sí i. Wọ́n wò ó, wọn kò tọ́ ọ. Ní agbo-ilé àtijọ́, ẹni tí ó bá ọ wí ní òwúrọ̀ ni ó ń fún ọ ní iyán ní alẹ́, nítorí náà ni ìbáwí rẹ̀ fi ní ìtumọ̀. A kò sì fẹ́ ṣe bí ẹni pé agbo-ilé náà dára ní gbogbo ọ̀nà. A ti gbé inú rẹ̀. A mọ ọmọ aláìníyàá tí ó jẹ́ pé gbogbo igba ojú náà ni ó ń bí sí i. Ohun tí a ń wí ni pé àwọn ojú náà mọ orúkọ ọmọ, wọ́n mọ ibi tí ó sùn, wọ́n sì mọ bí ó bá jẹun tàbí bí kò jẹun. Nígbà tí a tú agbo-ilé ká tí olúkúlùkù lọ háyà yàrá méjì, a kò rí ohun tí ó rọ́pò èyí.

Àwọn ọ̀ràn kan wà tí a kò gbọdọ̀ gbé síwájú irú ìpàdé bẹ́ẹ̀ rárá. Bí ẹnì kan bá ń ba ọmọ náà jẹ́, tàbí bí ọkọ bá ń lu aya débi ẹ̀jẹ̀, yàrá kékeré àti ènìyàn díẹ̀ ni ó yẹ ẹ, àti òfin pẹ̀lú. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti ọdún 2003 kò gbà kí a hùwà ìkà tàbí ìtẹ́nilógo sí ọmọ. Bí a bá sì fi ipá mú ọmọ dìde ní àárín àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kí ó ka ẹ̀ṣẹ̀ ara rẹ̀, a ti tẹ́ ẹ lógo, bí a tilẹ̀ pe orúkọ rẹ̀ ní ìtọ́jú. Kí ọmọ sọ̀rọ̀ bí ó bá fẹ́. Kí ó dákẹ́ bí kò bá fẹ́.

Ti àwọn bàbá ni ó ń já wa láyà jù. A lè rí bẹ́ǹṣì, a lè rí yàrá, a lè rí olùkọ́ tí ó ti fẹ̀yìn tì tí yóò darí wọn, ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkìtì sì wà ní Adó fún àwọn ọmọ tí ọ̀rọ̀ wọn ju agbára ìpàdé lọ. Ṣùgbọ́n bí a bá pe ìpàdé òbí ní ilé-ẹ̀kọ́ èyíkéyìí, ẹ ka iye ìyá tí ó wá, kí ẹ sì ka iye bàbá. Àwọn kan yóò ní iṣẹ́ kò jẹ́. Àwọn tí ń sọ bẹ́ẹ̀ a máa rí àyè lọ sí ìsìnkú ní Ìjerò ní gbogbo ọjọ́ Sátidé.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, a padà lọ sí Ọjà Ọba, a sì wá ìyá ẹlẹ́fọ̀ọ́ náà rí. A tọrọ àforíjì pé a dúró wò ó tí a kò ràn án lọ́wọ́. Ọmọ rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń di tẹ̀tẹ̀ ní ìdì kéékèèké, ó sì ń ṣe é dáadáa. A sọ èyí fún un ní etí ìyá rẹ̀. Ó wò wá bí ẹni tí kò gbà wá gbọ́, ó sì tún òmíràn dì. Ìyá náà sọ fún wa pé ìyá òun ni ó tọ́ ọmọ náà ní oko títí ó fi pé ọmọ ọdún méje, pé màmá náà kú ní ọjọ́ kan láìṣàìsàn, àti pé ọjọ́ kejì ìsìnkú ni a gbé ọmọ wá sí Adó. Kò sí ẹni tí ó ti bi òun nípa èyí rí, ní ilé-ẹ̀kọ́ méjèèjì tí wọ́n ti lé e.

A sọ ohun tí a ti ń rò fún un, nípa ìdílé mẹ́fà tàbí méje tí yóò máa jókòó pọ̀ ní ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ní ìrọ̀lẹ́ nígbà tí ọjà bá ti tú. Ó ronú fún ìgbà díẹ̀. Ó ní òun yóò wá, ṣùgbọ́n òun kò ní wá láàárín àwọn tí kò mọ òun, tí yóò máa ṣàánú òun. Bí ìyá aláta tí ọmọ òun ta atẹ rẹ̀ nù bá lè wá pẹ̀lú ọmọ tirẹ̀, nítorí pé òun mọ̀ pé òun nìkan kọ́ ni ọmọ ń dà láàmú ní ìlà náà, nígbà náà ni òun yóò wá. A ṣèlérí pé a óò bá a sọ̀rọ̀. Nígbà tí a ń kọ èyí, ìyá aláta kò tíì dá wa lóhùn.